Lẹ́tà ṣíṣí sí Alàgbà Oníkọ́ tó wà nínú àwo orin

Ọ̀wọ́n Alàgbà Oníkọ́,

Mo kí yín, mo kí ọ̀nà ọ̀fun yín pẹ̀lú. Ẹ ò mọ̀ mí rí, èmi náà ò sì mọ orúkọ yín. N ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni yín tàbí obìnrin, n ò mọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ síbi orin, n ò sì mọ iye tí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohùn yín nìkan ni mo mọ̀. Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, mo máa ń gbé Símfónì Kẹsàn-án ti Beethoven tàbí Messiah ti Handel sórí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú èrò lọ́jọ́ ọdún gan-an. Ọ̀kẹ́sítrà á rọlẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin á jókòó jẹ́ẹ́, fayolíìnì á máa fa ohùn tín-ín-rín kan lọ síbi tí etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè tẹ̀ lé e mọ́. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń dá sí i: “Kọ́họ̀! Kọ́họ̀-kọ́họ̀!”

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Mo ti wo ẹ̀yìn páálí àwo náà títí. Orúkọ adarí wà níbẹ̀, orúkọ àwọn mẹ́rin tó ń dá kọrin níwájú wà níbẹ̀, láti orí sopíránò títí dé báàsì. Orúkọ ẹni tó to maikirofóònù pàápàá wà níbẹ̀. Tiyín ò sí. Beethoven kọ ti fèrè, ó kọ ti ìlù, ó kọ ti akọrin ohùn mẹ́rin, kò kọ tiyín. Síbẹ̀, ẹ ti bá àwọn adarí ńlá bíi Furtwängler àti Bernstein ṣeré, ẹ ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rí i pé ó tó gẹ́ẹ́ kí ẹnì kan kọ̀wé sí yín ní gbangba.

Iṣẹ́ yín ti pẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1888, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún orin Handel ní Crystal Palace, ilé onígíláàsì ràgàjì tó wà ní London nígbà náà. August Manns ló ń darí Israel in Egypt, àwọn akọrin tó tò síwájú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 4,000. George Gouraud, aṣojú Thomas Edison nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ fonógíráàfù wá, ó gbé e sí ibi tó jìnnà sí wọn tó nǹkan bí 90 mítà, ó sì fi ìda gba ohùn wọn. Ìda náà ò tíì sọnù. Ó wà lára ohùn orin tó pẹ́ jù lọ tí ayé ṣì lè gbọ́. Ẹni tó bá tẹ́tí sí i, bí ìda ṣe ń họ lórí ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn á yọ láti ọ̀nà jíjìn, á rì, á tún yọ. A ò lè mọ ohùn tẹ́nọ̀ yàtọ̀ sí ti báàsì, a ò sì lè gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ò lè kóra jọ sábẹ́ gíláàsì kí ọ̀fun má yún ẹnì kan. Ìda ló gbé ikọ́ yín mì.

Láti ìgbà tí maikirofóònù ti wá mú etí dáadáa, ìjà yín pọ̀. Ní ọdún 1975, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, Jon Vickers, tẹ́nọ̀ ará Kánádà, ń ṣe Tristan nínú eré olórin Wagner. Tristan ti gbọgbẹ́, ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, orin sì ń bá a kú lọ. Ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ẹni tó ń kú lọ bá gbé orí sókè, ó jágbe mọ́ yín pé kí ẹ pa ikọ́ yín mọ́ ọ̀fun, ó sì padà sídìí ikú rẹ̀. Ohùn ìbínú yẹn wà nílẹ̀ títí dòní, àwọn olólùfẹ́ orin ń gbọ́ ọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alfred Brendel ní tirẹ̀, ọ̀gá nídìí píánò, kò jágbe. Ó lọ jókòó, ó kọ odindi ewì kan nípa àwọn oníkọ́ ìlú Cologne. Ẹ rí i pé ẹ ti wọ ìwé lítíréṣọ̀.

Ẹ sì ti wọ ìwé ìmọ̀. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan ní Yunifásítì Hannover ní Jámánì, Andreas Wagener, wádìí ọ̀rọ̀ yín. Ohun tó rí ni pé èèyàn máa ń wúkọ́ níbi kọ́ńsáàtì tó ìlọ́po méjì ohun tó máa ń wú níbòmíràn, àti pé ibi tí orin bá ti rọlẹ̀, tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tàbí tó ṣàjèjì sí etí, ni ikọ́ ti ń pọ̀ jù. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ ti ń sọ fún wa látọjọ́ yìí pé òtútù ni, pé eruku àga ni, pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ wo ló ń mọ̀ pé fayolíìnì ti rọlẹ̀?

Kí n má ṣègbè, ẹ ní àwíjàre. Dídákẹ́ tí a ní kí ẹ dákẹ́ yìí kò tọ́jọ́ tó orin fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ Messiah ní Dublin, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1742, wọ́n ti kéde ṣáájú pé kí àwọn obìnrin má wọ yẹ̀rì fífẹ̀ tó ń gba àyè, kí àwọn ọkùnrin sì fi idà wọn sílé, kí gbọ̀ngàn lè gba èrò sí i. Wọ́n dárúkọ yẹ̀rì, wọ́n dárúkọ idà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ikọ́. Ní Vienna, ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1824, tí Símfónì Kẹsàn-án kọ́kọ́ jáde sí gbangba, àwọn èrò hó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ju fìlà. Michael Umlauf ló ń darí. Beethoven dúró níwájú pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di, ó sì kẹ̀yìn sí èrò. Caroline Unger, ọmọge ẹni 20 ọdún tó kọ ohùn áátò lọ́jọ́ náà, ló fà á lọ́wọ́, ó yí i padà kí ó lè fi ojú rí ohun tí etí rẹ̀ kò lè gbọ́. Nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú gbọ̀ngàn náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan wà tí ikọ́ yín ò lè dà láàmú rárá, òun ló sì ni orin.

Àmọ́ ẹ̀sùn kan wà tí n ò ní í gbójú fò: ẹ mọ ibi tí ẹ ń wú u sí. Ká ní ìgbà tí gbogbo ọ̀kẹ́sítrà bá ń hó ni ẹ ń wúkọ́, ta ni yóò gbọ́? Ṣùgbọ́n ẹ máa ń dúró de àsìkò. Nínú Símfónì Kẹsàn-án, ẹ máa ń jẹ́ kí ìpín kìíní jà kó tán. Ẹ máa ń jẹ́ kí ìpín kejì náà, tí tìmpánì ń bẹ́ kiri nínú rẹ̀, kọjá lọ láyọ̀. Ìgbà tí ìpín kẹta bá dé, tí orin rọ̀, tí Furtwängler fà á fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ìgbà náà ni ọ̀fun yín ń jí. Nínú ìpín kẹrin, ibi kan tún wà tí ẹ ti fi ṣe ilé. Ẹgbẹ́ akọrin á máa gòkè, á máa gòkè, títí wọ́n á fi pe orúkọ Ọlọ́run ní ohùn òkè, wọ́n á sì dì í mú. Adarí ò ní jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n á wá gé e lójijì, gbogbo ilé á dákẹ́. Láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, fèrè bàsúùnù àti ìlù ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: gbù, gbù, gbù. Beethoven fi àlàfo yẹn sílẹ̀ kí jìnnìjìnnì lè mú èèyàn. Ẹ̀yin rò pé tiyín ló fi sílẹ̀ fún.

Ti “Halleluya” inú Messiah ló tiẹ̀ burú jù. Lópin rẹ̀, wọ́n á máa kọ ọ́ léraléra, wàràwàrà, pẹ̀lú kàkàkí àti tìmpánì, wọ́n á wá dúró pé! Ìdákẹ́jẹ́ kékeré kan á wà kí wọ́n tó kọ èyí tó kẹ́yìn, gbọọrọ. Gbogbo ọmọ kọ́yà ló ń bẹ̀rù ibẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá wo ọwọ́ adarí á jáde ní òun nìkan, àṣírí á sì tú lójú ìjọ. Bí àwọn akọrin bá wá fi gbogbo ara ṣọ́ ara wọn, tí sopíránò, áátò, tẹ́nọ̀ àti báàsì fi eyín dì í mú, ẹ̀yin tí ẹ ò wá síbi ìfidánrawò lọ́jọ́ kan á ti bá wọn kọ tiyín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń pè yín ní alàgbà pẹ̀lú gbogbo èyí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1951, wọ́n ṣí àjọ̀dún orin Bayreuth padà ní Jámánì lẹ́yìn ogun. Láti ọdún 1944 ni ibẹ̀ ti wà ní títì. Símfónì Kẹsàn-án ni wọ́n fi ṣí i, nítorí pé òun ni Wagner fúnra rẹ̀ darí ní ìlú náà lọ́jọ́ tó fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé orin rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1872. Wilhelm Furtwängler ló dúró níwájú ọ̀kẹ́sítrà. Àwọn tó dá kọrin ni Elisabeth Schwarzkopf, Elisabeth Höngen, Hans Hopf àti Otto Edelmann. Furtwängler kú ní ọdún 1954. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ EMI gbé àwo orin náà jáde, ayé sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀ pé alẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, bó ṣe rí gan-an.

Ní ọdún 2007, téèpù mìíràn jáde láti àpótí ilé-iṣẹ́ rédíò Bavaria. Adarí kan náà ni, ilé kan náà, orin kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn kan náà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: èwo ni ti alẹ́ kọ́ńsáàtì, èwo ni wọ́n fi ìfidánrawò lẹ̀ mọ́? Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ BIS ti Sweden tún gbé ẹ̀kẹta jáde, èyí tí rédíò ìlú wọn gbé sáfẹ́fẹ́ lálẹ́ náà, tòun ti ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń kí àwọn olùgbọ́. Ó lé ní 50 ọdún tí àwọn èèyàn fi ń bura lórí alẹ́ kan tí wọn ò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń gbọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ irú ẹjọ́ báyìí, ibo ló máa yà sí? Ó lè fi ìyára orin wéra, ṣùgbọ́n adarí tó mọ iṣẹ́ lè mú orin kan náà lọ bákan náà ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ó lè tẹ́tí sí àwọn adákọrin, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ohùn jẹun láti kékeré lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí a má mọ ìyàtọ̀. Ikọ́ nìkan ni kì í tún ara rẹ̀ wú. Ikọ́ tó bá bọ́ sójú ohùn kan báyìí, ó bọ́ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìtàn ayé, kò sì sí ìfidánrawò tó lè pèsè rẹ̀. Bí a bá gbọ́ ikọ́ kan náà, níbì kan náà, nínú téèpù méjì, a mọ̀ pé alẹ́ kan náà ni. Bí ó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sì sí nínú èkejì, ẹjọ́ kù nílẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà, Alàgbà. Nínú gbogbo àwo tí wọ́n kọ sí lára pé “ojúkojú la gbà á”, ẹ̀yin ni afojúbà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí wọn ò pè sílé ẹjọ́, tó sì jẹ́rìí bó ti yẹ.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ń san án fún yín. Kí téèpù tó dé, ohun tó bá wọ ẹ̀rọ kò ṣeé yọ mọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, bílédì àti gọ́ọ̀mù wọ ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, ilé-iṣẹ́ á gba alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, á mú ibi tó dára jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tún dá àwọn olórin dúró nínú gbọ̀ngàn òfìfo lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ sílé, kí wọ́n tún ibi tí ẹ ti wúkọ́ kọ. Ikọ́ tó bá sì ṣẹ́ kù, kọ̀ǹpútà á yà á bí àwòrán sójú, ẹni tó jókòó nídìí rẹ̀ á fi asin nù ún kúrò, fayolíìnì á sì wà níbẹ̀ láìní àpá. Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá nù ún títí tí kò ku ohunkóhun, wọ́n ti ṣe bí ayàwòrán tó ya ìyàwó àti ọkọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó wá lọ sílé lọ yọ gbogbo àlejò kúrò nínú fọ́tò nítorí pé ẹnì kan di ojú. Ìyàwó lẹ́wà, ọkọ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ta ló bá wọn jẹun?

Ẹ mú ti Berlin. Odi tó pín ìlú náà sí méjì ṣí ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Oṣù méjì ò pé lẹ́yìn rẹ̀, Leonard Bernstein darí Símfónì Kẹsàn-án níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá lápá ìwọ̀-oòrùn, àti ní ọjọ́ Kérésìmesì gan-an lápá ìlà-oòrùn, ní Schauspielhaus. Ọ̀kẹ́sítrà rédíò Bavaria ni òpómúléró rẹ̀, àwọn ará Dresden wá láti ìhà kejì, àwọn olórin sì tún wá láti New York, London, Paris àti Leningrad. Ẹ ka ìlú mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí i pé wọ́n dúró fún orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó pín Berlin mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ogun. Àwọn ọmọdé Dresden wà lára àwọn akọrin. June Anderson, Sarah Walker, Klaus König àti Jan-Hendrik Rootering ló dá kọrin. Bernstein ní kí wọ́n yọ “ayọ̀” kúrò nínú ọ̀rọ̀ orin náà, kí wọ́n fi “òmìnira” sí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, lọ́jọ́ náà wọ́n sọ̀yà títí ohùn fi há.

Bí a bá fi etí olùkọ́ orin gbọ́ ọ, àléébù wà níbẹ̀. Ó falẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 78 ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń ṣeré jọ kò tíì jọ ṣeré pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dán gbinrin, àwo situdíò kún ìgbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àwo yìí kò rà á nítorí pé ó dán. Àárín èrò yẹn ló fẹ́ wà: àárín àwọn tó jẹ́ pé ní oṣù méjì sẹ́yìn, odi ló wà láàárín wọn. Ó fẹ́ gbọ́ bí àga ṣe ń han, bí èèyàn ṣe ń mí, bí ẹnì kan ṣe ń tọ́ imú rẹ̀ ṣe. Bernstein ti pé 71 ọdún nígbà yẹn, kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1990. Bí a bá yọ yín kúrò nínú àwo náà, Alàgbà, ohun tó máa kù ni Símfónì Kẹsàn-án tó falẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé mo ń pọ́n yín jù, kí ó rántí ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021. Àrùn Kòrónà ti lé gbogbo yín sílé. Ní Vienna, Riccardo Muti darí kọ́ńsáàtì Ọdún Tuntun nínú gbọ̀ngàn Musikverein tí ó ṣófo. Àga tò lọ rẹrẹ, kò sí ìdí kankan lórí wọn. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ láti ilé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tan ìpàtẹ́wọ́ náà sínú gbọ̀ngàn fún àwọn olórin. Nígbà tí wọ́n dé orí Radetzky March, tí èrò máa ń fi àtẹ́wọ́ lù tẹ̀ lé lọ́dọọdún, kò sí ọwọ́ kankan. Orin náà mọ́ tónítóní. Ikọ́ kan ṣoṣo ò sí nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló gbọ́ ọ tó sọ pé kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ títí ayé?

Ní tiwa níhìn-ín, Alàgbà, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, olórin tó bá kọrin títí tí ẹnikẹ́ni ò gbè, tí ẹnikẹ́ni ò dìde náwó, á bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí òun ṣẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Messiah bá dé Èkó, ì báà jẹ́ ní Kàtídírà tó wà ní Marina tàbí ní gbọ̀ngàn MUSON ní Oníkan, dídákẹ́ ní ìwọ̀n. Tí “Halleluya” bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á dìde, bàbá àgbà tó ti kọ báàsì nígbà èwe rẹ̀ á rántí gbogbo rẹ̀, á sì máa kọ ọ́ lọ láti orí àga rẹ̀, bóyá adarí fẹ́ o, bóyá kò fẹ́. Nínú ariwo ayọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló rí ti ikọ́ yín rò?

Ibi tó ti ń dùn mí ni pé kò sí páálí àwo tí mo lè yẹ̀ wò. Thomas Ekundayo Phillips jókòó nídìí dùùrù Kàtídírà yẹn láti ọdún 1914 títí di 1962. Fela Sowande, tó kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀, kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní ọdún 1960. Àwọn ohùn tó kọ orin ọdún nínú ilé yẹn látìgbà náà, mélòó la rí gbà sílẹ̀ dáadáa tí àwọn ọmọ wa lè gbọ́? Fóònù ló ń ṣe iṣẹ́ náà nísinsìnyí. Ẹ ò sì gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fóònù: ọ̀kẹ́sítrà wà lókèèrè, àwọn akọrin wà lókèèrè, ẹ̀yin lẹ jókòó ti maikirofóònù. Nínú fídíò Messiah tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ̀yin ni adákọrin, ẹgbẹ́ akọrin ló ń gbè yín. Mo kí yín kú oríire ìgbéga. Ẹni tó bá ní owó kí ó ra maikirofóònù gidi fún àwọn ilé orin wa, kí ẹ lè padà sí àyè yín.

Mo wá gbé àdéhùn kalẹ̀ fún yín, kí ọdún tó tún dé.

Èkíní, ẹ máa bọ̀. Ẹ má fi ìtìjú jókòó sílé, àyàfi tó bá jẹ́ ikọ́ tó ń ràn, èyí tí dókítà ti kì yín nílọ̀ lé lórí.

Èkejì, ẹ bó súìtì yín kí adarí tó gun orí àga. Ikọ́ la lè forí jì, ọ̀rá súìtì tí ẹ ń rọra bó díẹ̀díẹ̀ kí a má baà gbọ́, a ń gbọ́ ọ, ó sì ń pẹ́ ju ikọ́ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ ibi tí a ti ń wú u. Nínú Símfónì Kẹsàn-án, Beethoven fi aro, ìlù ńlá àti agogo onígun mẹ́ta sí ìparí fún àǹfààní yín. Bí wọ́n bá ti ń sáré lọ sí òpin, tí gbogbo rẹ̀ ń hó yèè, ẹ gbé ohun tí ẹ ti ń tọ́jú láti ìpín kẹta wá, ẹ wú u tán pátá. Ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀, ara á sì tù yín.

Ẹ̀kẹrin, àlàfo inú “Halleluya” kì í ṣe ti yín. Ti Handel ni. Mo bẹ̀ yín lórúkọ gbogbo ọmọ kọ́yà tó ti jáde níbẹ̀ ní òun nìkan rí.

Ẹ̀karùn-ún, tí gbogbo èyí bá sì kọ̀, tí ọ̀fun takú, tí áńkáṣíìfù ò dá a dúró, ẹ wú u. Ẹ wú u lẹ́ẹ̀kan, kó já geere, kó jẹ́ èyí tí ọmọ ọmọ wa lè fi mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi á bínú ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá gbọ́ ọ. Ní ìgbà kẹta, màá ti máa retí rẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìdílé yín, kí ẹ sì mu omi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgbọ́ yín tó ń bínú, tó sì tún ń retí yín.

Àfikún: Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín, èyí tó máa ń kígbe “Bravo!” kí ohùn tó kẹ́yìn tó sọlẹ̀, nítorí kí a lè mọ̀ pé òun mọ ibi tí orin parí sí. Ẹ ní kó má rò pé mo gbàgbé òun. Lẹ́tà tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, n ò sì ní í pè é ní alàgbà.